Ara mi le, ṣé kí n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún celiac?

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sọ fún lóṣù tó kọjá pé ó ní celiac, àìsàn tí oúnjẹ wíìtì bíi búrẹ́dì fi ń ba ìfun jẹ́ yẹn. Ara ẹ̀ le koko o, ó ń sáré láràárọ̀, kò sóhun tó ń ṣe é, torí pé wọ́n rí i lára ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kóun náà wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Àtìgbà yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́. Èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ wa méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nínú wa, àmọ́ òun náà ò kúkú ṣàìsàn. Mo ti lé búrẹ́dì, sùpàgẹ́tì àti bísíkítì kúrò nílé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ sì gbà mí gbọ́, ara mi fúyẹ́, inú mi ò wú mọ́, ó jọ pé mo ní gluten sensitivity tí wọ́n ń sọ yẹn. Mo tún ti sanwó fún kíìtì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tín lẹ máa fi ránṣẹ́, wọ́n á sọ gbogbo oúnjẹ tí ara yín ò gbà. Ìbéèrè mi ni pé, kí ló dé tí wọn ò kàn yẹ gbogbo ayé wò fún nǹkan yìí, bí wọ́n ṣe ń yẹ ọmọ tuntun wò fún àwọn àìsàn kan? Àbúrò mi obìnrin ní àníyàn mi ti ń pọ̀ jù, òun tó jẹ́ pé látìgbà tó ti bímọ ló ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò sì kún."

Ẹ kú àníyàn o. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, torí ìbéèrè kan kọ́ ló wà nínú ẹ̀, bíi mẹ́rin lẹ dì pọ̀. Mi ò ní bá yín wí pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lọ́sàn-án, tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn rí, wọ́n wá ní ìfun ẹ̀ ti ń bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ta ni kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ tẹ ikùn ara ẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ ti ṣe nǹkan méjì tó lè ba ìdáhùn tẹ́ ẹ̀ ń wá jẹ́, ìyẹn búrẹ́dì tẹ́ ẹ dá dúró àti kíìtì tẹ́ ẹ rà, ẹ sì fi ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú lẹ́tà yín sí ìlà tó gbẹ̀yìn bí ẹni tó kàn ń ráhùn. Màá dé orí ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ palẹ̀ ná, torí ó jọ pé celiac, sensitivity àti àléjì ti di nǹkan kan náà lójú yín, ẹ̀yin nìkan sì kọ́.

Gluten ni purotéènì tó wà nínú àlìkámà, wíìtì tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì yẹn, ó wà nínú bálì tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀tì àti bíà, ó sì wà nínú ráì. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò máa fà bíi rọ́bà tí kò fi ní já. Kò sí ikùn tó lè da purotéènì yìí tán, ì báà jẹ́ temi ì báà jẹ́ tiyín, èérún ẹ̀ máa ń kù. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, èérún yẹn á kọjá lọ, kò sẹ́jọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n jogún jíìnì tí wọ́n ń pè ní HLA-DQ2 tàbí HLA-DQ8, lára àwọn yẹn, àwọn ológun tó ń ṣọ́ ara lè ṣi èérún gluten mú fún ọ̀tá, ìjà á bẹ̀rẹ̀, ìfun onítọ̀hún gan-an ni wọ́n á sì máa lù nínú ìjà yẹn. Inú ìfun kékeré wa kì í dán bíi páìpù, ó ní àwọn ìka wínníwínní tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́ bí irun kápẹ́ẹ̀tì, àwọn ló ń fa oúnjẹ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Tí ìjà yẹn bá pẹ́, àwọn ìka yẹn á máa kúrú, á máa kúrú, títí ibẹ̀ á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Èèyàn á jẹun yó, oúnjẹ ò sì ní rọ́nà wọlé. Áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dín, torí apá òkè ìfun kékeré ni ara ti ń fà á, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti máa ń le jù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kálísíọ́ọ̀mù eegun, fítámì àti àwọn yòókù.

Ìdí tí mo fi ṣàlàyé yẹn gùn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn, àti dókítà pàápàá, ṣì rò pé ẹni tó bá ní celiac ní láti jẹ́ ọmọ kékeré tó rù hangogo, tí ikùn ẹ̀ yọ, tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Irú wọn wà lóòótọ́. Àmọ́ èyí tí mò ń rí jù lójú ara mi lẹ́nu iṣẹ́ ni àgbàlagbà tó rẹ̀ ẹ́ láìnídìí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò kún, tàbí tí eegun ẹ̀ ti ń gbẹ kó tó tọ́jọ́, tàbí tí ara ẹ̀ yọ róró níbi ìgúnpá àti orúnkún tó ń yún un ṣáá. Ẹlòmíì tiẹ̀ sanra. Ẹlòmíì á sì wà, bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí kò mọ nǹkan kan lára rárá. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jíìnì yẹn dẹ́rù bà yín, láwọn ilẹ̀ Yúróòpù bíi 30 sí 40 nínú 100 èèyàn ló gbé e, bẹ́ẹ̀ bíi 1 péré nínú 100 ló ní àìsàn náà. Ẹni tí kò bá ní jíìnì méjèèjì, ó ṣòro gidi kó ní celiac láyé ẹ̀. Ẹni tó bá ní in, kò tíì ní nǹkan kan.

Ó pẹ́ káyé tó mọ̀ pé wíìtì ló ń fà á. Dókítà Samuel Gee ṣàpèjúwe àìsàn náà ní London lọ́dún 1888, ó sì ti sọ nígbà yẹn pé tó bá máa níwòsàn, inú oúnjẹ ni wọ́n á ti rí i, kò kàn mọ oúnjẹ wo ni. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló já a. Ó ti ń fura sí wíìtì kí ogun àgbáyé kejì tó dé, ìgbà tí ìyàn wá mú lórílẹ̀-èdè wọn ní òtútù ọdún 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì di àwátì, àwọn ọmọ tó ní celiac ń gbádùn nígbà tí gbogbo ayé ń rù. Búrẹ́dì padà dé, àìsàn padà dé. Ọdún 1950 ló kó o sínú ìwé ìwádìí ẹ̀. Ẹ wò ó, àwọn ọmọ tó ń kú lọ ni wọ́n fi mọ gbogbo eléyìí, kò sẹ́ni tó ń bi í nígbà yẹn pé ẹni tí kò ṣàìsàn ńkọ́. Ìbéèrè tiyín nìyẹn, ó sì yàtọ̀ pátápátá, torí ẹni tó ń ṣàìsàn tí wọ́n gba búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹ̀ á rí i pé ara òun yá, ẹni tí ara ẹ̀ le tẹ́lẹ̀ ńkọ́, kí ló fẹ́ rí?

Kí n tó débẹ̀, ọ̀rọ̀ ara yín tó fúyẹ́. Àléjì wíìtì tún wà lọ́tọ̀ o, ìyẹn ni kéèyàn jẹ ẹ́ tán kí ara wú tàbí kí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í há láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí díẹ̀, kì í ṣe tiyín. Gluten sensitivity ni wọ́n ń pe tẹni tí kò ní celiac, tí kò ní àléjì, àmọ́ tí inú ń wú tàbí tí orí ń fọ́ tó bá jẹ ẹ́. Mi ò ní sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, ìnira wọn jóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ń fi í hàn, kò sí ohun téèyàn lè rí nínú ìfun, ńṣe la máa ń yọ celiac àti àléjì kúrò kó tó kù ú. Ohun tí kò ní tẹ́ẹ̀sì, báwo la ṣe fẹ́ fi yẹ gbogbo ìlú wò? Ibẹ̀ yẹn ò le. Ibi tó le ni pé gluten tiẹ̀ lè má jẹ̀bi rárá. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí kan ní Norway tẹ ìwádìí wọn jáde, wọ́n mú èèyàn 59 tí wọ́n ti dá gluten dúró fúnra wọn, tí wọn ò sì ní celiac, wọ́n fún wọn ní ìpápánu mẹ́ta tó jọra láwọn ọ̀sẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ní gluten, ọ̀kan ní fructan, ọ̀kan ò ní nǹkan kan, wọn ò sì sọ èwo nèwo fún wọn. Fructan ló wú wọn nínú jù. Fructan yìí, oríṣi ṣúgà kan ni, ó wà nínú wíìtì, ó wà nínú àlùbọ́sà àti aáyù náà, kì í dà dáadáa, àwọn kòkòrò inú ìfun ló máa ń jẹ ẹ́ tí gáàsì fi ń kún. Torí náà tí inú yín ò bá wú mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè jẹ́ fructan tó dín kù ni, ó lè jẹ́ pé bísíkítì àti àwọn jíjẹ aládùn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn yín ti ń retí ìtura kí ìtura tó dé, ìyẹn náà wà dáadáa nínú ìwádìí. Kò sí èyí tó sọ pé ẹ ní celiac, kò sì sí èyí tó sọ pé ẹ ò ní.

Kíìtì yẹn ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, owó yẹn ti lọ, ẹ má fi ọkàn balẹ̀ yín tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ nínú irú kíìtì tó ń sọ oúnjẹ tí ara ò gbà, oríṣi antibody kan, ìyẹn ohun ìjà tí àwọn ológun ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ́ IgG ni wọ́n ń wọ̀n. IgG sí oúnjẹ ń sọ pé ẹ ti ń jẹ oúnjẹ yẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn tó ń jẹ ẹyin lójoojúmọ́, ẹyin á yọ. Èyí tó ń jẹ búrẹ́dì, wíìtì á yọ. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà àléjì Amẹ́ríkà, AAAAI, ti sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n má fi ṣàyẹ̀wò, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Mo ti rí ìyá kan tó gbé ìwé irú kíìtì bẹ́ẹ̀ wá, oúnjẹ mọ́kànlélógún ni wọ́n fi àmì pupa síwájú ẹ̀, ọmọ tó ni í ti rù sí i láàárín oṣù mẹ́rin torí kò sóhun tó kù tí wọ́n lè fún un jẹ. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe sí ìyá náà o.

Ó wá ku ìbéèrè ńlá, kí ló dé tí wọn ò yẹ gbogbo èèyàn wò. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n ṣe é, torí ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Celiac wọ́pọ̀. Ní Finland, wọ́n yẹ àwọn ọmọ iléèwé wò, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2003, ó kéré tán 1 nínú 99 ló ní in. Láàárín àwọn ọmọ Saharawi, àwọn èèyàn tó ti Ìwọ̀ Oòrùn Sàhárà wá, ìwádìí tó jáde lọ́dún 1999 rí i lára bíi 5.6 nínú 100, kò sí ibòmíì tí mo mọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti wò ó, àwọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in ló pọ̀ ju àwọn tó mọ̀. Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ wà, ó sì dáa, tTG-IgA ni wọ́n ń pè é, oríṣi antibody míì tó ń jẹ́ IgA ló ń wá. Ìtọ́jú náà wà, kò ní abẹ́rẹ́, kò ní oògùn, oúnjẹ ni. Tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀, eegun lè fọ́, oyún lè má dúró, àní oríṣi jẹjẹrẹ ìfun kan tún wà níbẹ̀ bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun òfúrufú kan jáde nínú fìríìsà, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti gbà láàárín 1948 sí 1954, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún celiac, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún fún ọdún 45. Àwọn tó ní celiac tí wọn ò mọ̀, ikú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin tàwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ yẹn ta gbogbo wa jí nígbà tó jáde lọ́dún 2009.

Àmọ́ àwọn ìwádìí míì tún wá lẹ́yìn ẹ̀ àti ṣáájú ẹ̀ tí kò rí irú ikú bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí wọn ò mọ̀ pé àwọn ní in, àwọn ọmọ ogun tó ní in nínú fìríìsà yẹn ò sì pọ̀, kò tó 20, tí èèyàn mélòó kan bá kú nínú wọn, nọ́ńbà á fò sókè. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, mi ò lè fi ìkan nìkan hàn yín. Ìwádìí tó sún mọ́ ìbéèrè yín jù lójú tèmi ni ti Finland tó jáde lọ́dún 2014. Wọ́n mú 40 àgbàlagbà tí ara wọn le, àmọ́ tí tẹ́ẹ̀sì gbé celiac wọn jáde torí pé mọ̀lẹ́bí wọn ní in, wọ́n pín wọn sí méjì, ìdajì dá gluten dúró, ìdajì ń jẹ ẹ́ lọ fún ọdún kan. Ìfun àwọn tó dá a dúró yá sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá mọ̀ pé inú tó ń yọ àwọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ti gbà pé bí àwọn ṣe rí nìyẹn, àìsàn ni. Ó wú mi lórí. Ṣùgbọ́n 40 èèyàn ni, mọ̀lẹ́bí alárùn ni gbogbo wọn, ẹ rántí ìyẹn.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ rántí ẹ̀ nìyí, ẹ mú bírò kẹ́ ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí. Ká ní a kó 10,000 èèyàn tí kò ṣe nǹkan kan jọ, 1 nínú 100 ló ní celiac, ìyẹn 100 èèyàn. Ká ní tẹ́ẹ̀sì wa dáa tó bẹ́ẹ̀ tó fi rí 95 mú nínú wọn, tó sì jẹ́ pé nínú 100 tí kò ní in, 3 péré ló máa fẹ̀sùn èké kàn. Tẹ́ẹ̀sì tó dáa ni, àbí? Àmọ́ àwọn tí kò ní in jẹ́ 9,900, 3 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 297. Nínú 392 tí ìwé wọn máa gbé "ó wà níbẹ̀" jáde, 95 ló jóòótọ́, kò pé ẹnì kan nínú mẹ́rin. Ẹ wá kó 10,000 èèyàn míì jọ tó jẹ́ pé òbí wọn, ọmọ wọn tàbí ọmọ ìyá wọn ní celiac, bíi 1 nínú 10 irú wọn ló máa ń ní in. Tẹ́ẹ̀sì kan náà, láàbù kan náà, 950 ló máa mú lóòótọ́, 270 ló máa purọ́ mọ́, ó ju mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ tó jẹ́ òdodo. Tẹ́ẹ̀sì ò yí padà, àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló yí padà. Ohun tó máa ń ṣòro jù fún mi láti ṣàlàyé fáwọn èèyàn ní ọ́fíìsì nìyí, wọ́n á ní, "Dókítà, ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀," mo mọ̀ pé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí ìwé bá wá fẹ̀sùn kàn, ẹ ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà, wọ́n á ki ọ̀pá oníkámẹ́rà gba ọ̀fun ẹ̀ dé ìfun, wọ́n á já ẹran ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Kò léwu púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe eré. Ti ọmọdé ti rọrùn díẹ̀, láti 2020 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìfun ọmọdé ní Yúróòpù, ESPGHAN, ti sọ pé tí tTG-IgA ọmọ bá ga tó ìlọ́po 10 ibi tó yẹ kó dé, tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kejì sì gbè é lẹ́sẹ̀, kò pọn dandan kí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ó tún kù àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn sọ pé ó wà, tí ìfun wọn sì mọ́ bí ojú. Àwọn yìí ló ń gbà mí lóorun jù. Ní Ítálì wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn, ìfun àwọn kan bàjẹ́ nígbẹ̀yìn, àwọn kan wà bẹ́ẹ̀, ti àwọn kan sì pòórá lẹ́jẹ̀ bí ẹni pé kò wà níbẹ̀ rí. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún ọkùnrin ẹni ọdún 40 tó wà ní ipò yẹn? Mo ní ìkan, ọdún méjì gbáko ló fi ń dá ara ẹ̀ lójú pé jẹjẹrẹ ń bọ̀, kó tó di pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ. Ká ní wọn ò yẹ̀ ẹ́ wò ni, ì bá sùn dáadáa lọ́dún méjì yẹn.

Oúnjẹ náà, àwọn tí kò jẹ ẹ́ rí ló máa ń sọ pé "ṣebí oúnjẹ ni." Ìrẹsì, àgbàdo, ẹ̀wà, ẹran, ẹja, èso, wọn ò ní gluten, ìyẹn rọrùn. Àmọ́ ẹni tó ní celiac gbọ́dọ̀ dá a dúró títí láyé, kódà èérún búrẹ́dì tó bọ́ sínú àwo, kódà sọ́ọ̀sì tí wọ́n fi wíìtì sí, kódà mọ́ọ̀tì. Ohun tí wọ́n bá kọ "kò ní gluten" sí lára, gẹ́gẹ́ bí Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, gluten inú ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ nínú kílò kan, ẹ ò lè fojú rí 20 yẹn. Ẹni tó ń ya gbuuru tẹ́lẹ̀, ara tó yá yẹn á máa rán an létí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí kò sóhun tó ń ṣe é, tí gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jẹ kéèkì níbi ọjọ́ ìbí, kí ló máa rán an létí? Mo ti tọ́jú irú ọmọ yẹn. Ó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, ìyá ẹ̀ ń sunkún níwájú mi, ọmọ náà sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo kó àìsàn ràn án. Tó bá jẹ́ pé ìfun ẹ̀ ti bàjẹ́, mo máa bẹ̀ ẹ́ títí á fi gbọ́. Àmọ́ mi ò lè sọ pé kò ná an ní nǹkan kan.

Nǹkan míì tún wà tí wọn kì í rò mọ́ ọn. Celiac lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ orí èyíkéyìí. Tẹ́ẹ̀sì tó mọ́ lónìí, kò fi yín lọ́kàn balẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i. Bíi ti ọmọ tuntun tẹ́ ẹ fi wé e, àwọn àìsàn tí wọ́n ń wá lára ọmọ tuntun, wọ́n ti bí i mọ́ ọn, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan ó tán. Fún celiac, ìgbà wo la fẹ́ wò ó, ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ní mẹ́wàá, ní ogójì, àbí gbogbo ẹ̀?

Ohun táwọn aláṣẹ ìlera ń rò pọ̀ nìyẹn. Láti 1968 ni Wilson àti Jungner ti kọ ìlànà fún WHO, àjọ ìlera àgbáyé, lórí àìsàn tó yẹ kí wọ́n máa wá lára ẹni tí kò ṣàìsàn: kó jẹ́ ìṣòro ńlá, kó ní tẹ́ẹ̀sì, kó ní ìtọ́jú, kí wọ́n sì mọ bó ṣe ń rìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Celiac yege nínú àwọn tó ṣáájú, ó ń kọsẹ̀ níbi tó gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí USPSTF, ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí irú àyẹ̀wò báyìí ní Amẹ́ríkà, fi sọ lọ́dún 2017 pé ẹ̀rí ò tíì tó. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o, àwọn èèyàn máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, wọn ò sọ pé kò dáa, wọ́n ní ẹ̀rí tó máa jẹ́ káwọn sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kò tó. Ítálì ò dúró ní tiẹ̀, lọ́dún 2023 wọ́n ṣòfin pé kí wọ́n máa yẹ àwọn ọmọ ọdún 1 sí 17 wò fún celiac àti ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní káàkiri orílẹ̀-èdè. Inú mi dùn pé ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀, torí ibẹ̀ la ti máa rí ẹ̀rí tá a ń wá. Tèmi, mi ò tíì gbà pé kí wọ́n kó gbogbo ìlú lọ sí láàbù. Ohun tí mo gbà, tí mo sì ń bá àwọn dókítà ẹgbẹ́ mi jà lé lórí, ni pé kí wọ́n má fi tẹ́ẹ̀sì yìí háwọ́ rárá fún ẹni tó bá ní àmì kan ṣoṣo: ẹni tí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá ẹ̀ ní in, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kìíní, ẹni tí ológun ara ẹ̀ ń bá thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, jà, ẹni tó ní Down syndrome tàbí Turner syndrome, àwọn ìṣòro tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn, eegun tó ń gbẹ láìtọ́jọ́, oyún tí kò dúró láìnídìí, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò kún. Tí a bá ń wá àwọn yìí lójú méjèèjì, àwọn kan nínú àwọn tó fara pamọ́ yẹn la máa rí, a ò sì ní da oorun àwọn tó kù láàmú.

Ẹ̀yin, ọkọ yín àtàwọn ọmọ, bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ara yín yìí, mi ò rí ìdí kan láti gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ẹbí yín, jíìnì kì í sì í gba orí tábìlì ọ́fíìsì ràn. Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ ṣe é, ẹ̀tọ́ yín ni, àmọ́ ẹ padà sórí búrẹ́dì ná. Antibody tí tẹ́ẹ̀sì ń wá, gluten ló ń bí i, ẹni tí kò jẹ gluten, ìwé ẹ̀ lè mọ́ tónítóní kó sì ní celiac. Ìlànà NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni pé kéèyàn ti máa jẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 kó tó ṣe tẹ́ẹ̀sì. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n wọn àpapọ̀ IgA pẹ̀lú tTG-IgA, torí bíi 2 sí 3 nínú 100 àwọn tó ní celiac ni ara wọn kì í ṣe IgA tó, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá IgA ò sì lè rí ohun tí kò sí, IgG ni wọ́n máa fi wá tiwọn. Kì í ṣe IgG ti kíìtì yẹn o, èyí tó ń wá celiac gan-an.

Ó wá ku àbúrò yín. Obìnrin tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ látìgbà tó ti bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ò kún, ó lè jẹ́ nǹkan oṣù ẹ̀ tó pọ̀, ó lè jẹ́ pé kì í lo oògùn náà bó ṣe yẹ, ó sì lè jẹ́ nǹkan míì tí dókítà ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá. Àmọ́ oògùn áyọ́ọ̀nù tí ìfun ò fà, ìbéèrè celiac gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kan péré ni. Nínú gbogbo èèyàn tẹ́ ẹ dárúkọ nínú lẹ́tà yín, òun nìkan ló ní àmì lára. Tí tiẹ̀ bá gbé e jáde, tí wọ́n sì rí i nínú ìfun ẹ̀, ìgbà yẹn ni tẹ́ẹ̀sì tiyín di dandan, torí ọmọ ìyá ẹ̀ lẹ jẹ́. Ẹ pè é kó tó di ọ̀la, kẹ́ ẹ má sọ ọ́ bí àríyànjiyàn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe o, ẹ kàn sọ fún un pé kó lọ bi dókítà ẹ̀ léèrè, àti pé kó má tíì dá búrẹ́dì dúró.